Ẹ̀rọ Géèmù àti Rúta ní Họ́sítẹ́ẹ̀lì Yunifásítì: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Gbé Dání?

Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹsàn-án ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Bẹ́ ẹ bá tú ẹrù àwọn ọmọ wa tó ń ti Nàìjíríà lọ, PlayStation kì í wọ́n níbẹ̀, rúta náà kì í sì í wọ́n. Ọ̀rọ̀ rúta yẹn yé mi. Nílé, ẹni tó bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbára lé ló máa ra MiFi tàbí rúta tirẹ̀, á ki síìmù bọ̀ ọ́, á sì máa ra dátà. Àmọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lọ ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú owó ilé tí wọ́n ti san. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún lófin, ọ̀kan nínú òfin tẹ́ ẹ sì máa bá níbi tó pọ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má so rúta mọ́ ọn.

Èmi ò ní fi èrò tèmi pamọ́ dìgbà tí mo bá fi wọ́n wéra tán: ẹ gbé ẹ̀rọ géèmù yín dání, ẹ fi rúta sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dé yàrá ná, kẹ́ ẹ wo ara ògiri. Bí ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní LAN bá wà níbẹ̀, wáyà kan ṣoṣo tó gùn tó mítà mẹ́ta sí márùn-ún ló máa yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, owó rúta á sì wà lápò yín.

Kí ló dé tí PlayStation ò fi wọ eduroam?

eduroam lórúkọ Wi-Fi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí lórí fóònù yín bẹ́ ẹ bá dé ọgbà yunifásítì ní Ìlú Ọba, àti ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà náà. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ó ti wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 báyìí, ó sì ti dé àwọn yunifásítì kan nílé pàápàá. Kò ní páásíwọ́ọ̀dù àjùmọ̀lò. Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí yunifásítì fún kálukú ló fi ń wọlé, orúkọ ọ̀hún á sì parí sí nǹkan bíi .ac.uk tàbí .edu. Ètò ìwọlé yìí ni wọ́n ń pè ní 802.1X, ẹ lè rí i lójú ẹ̀rọ míì tí wọ́n kọ ọ́ sí WPA2-Enterprise.

Fóònù mọ̀ ọ́n, láptọ́ọ̀pù mọ̀ ọ́n. PlayStation, Xbox àti Nintendo Switch ò mọ̀ ọ́n. Wi-Fi ilé ni wọ́n ṣe àwọn yẹn fún, irú èyí tó jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù kan péré ló ní. Ẹ lè máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù yín láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní wọlé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà ò dáa, tí wọ́n á sì sáré lọ ra rúta. Bẹ́ẹ̀ rèé, rúta ilé lásán náà ò lè fi 802.1X wọ eduroam, àfi tó bá jẹ́ èyí tó ń lo OpenWrt (ètò orí rúta tó ṣeé tún tò bó ṣe wuni) tàbí irú ẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó.

Wáyà ara ògiri àti Wi-Fi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ

Àwọn yunifásítì mọ̀ pé ẹ̀rọ géèmù ò lè wọ eduroam, ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Níbì kan, ihò wáyà ni wọ́n fi sára ògiri. Níbòmíì, Wi-Fi kejì wà fún tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ géèmù, tó jẹ́ pé ẹ máa forúkọ ẹ̀rọ yín sílẹ̀ kó tó gbà á wọlé. Àwọn ilé tuntun kan tún wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá fi páásíwọ́ọ̀dù yẹn so pọ̀ á máa rí ara wọn bíi pé nílé lẹ wà, aládùúgbò ò sì ní rí wọn. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn lẹ bá pàdé, orí yín ṣe é, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ tún ń wá nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Bó bá jẹ́ pé wáyà àti Wi-Fi kejì yẹn jọ wà, wáyà ni kẹ́ ẹ mú. Èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fa dátà tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Nintendo ní tiẹ̀ sọ pé kó ṣáà ti má dín sí 3 Mbps (Mbps ni ìwọ̀n bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré) tó ń wọlé. Ìdádúró ló ń pa géèmù. Ẹ ti tẹ bọ́tìnì, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti kọjá lọ. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àìmọye fóònù ló ń pín afẹ́fẹ́ kan náà, tó bá sì ti di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo wọn ń wo fíìmù, ìdádúró orí Wi-Fi á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀. Wáyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wa géèmù wálẹ̀ ni dátà máa ń lọ. Àwọn Call of Duty òde òní lè ju 100 GB lọ. Bí ìlà yín bá ń sáré tó 50 Mbps, 100 GB máa gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Lórí Wi-Fi tó jẹ́ 10 Mbps ló ń rí mú wá, ẹ máa dúró fún nǹkan bíi wákàtí 22.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà tún ṣe pàtàkì. PS4 àkọ́kọ́, èyí tó jáde lọ́dún 2013, orí 2.4 GHz (ọ̀kan nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí Wi-Fi ń gbà) nìkan ló ti lè gba Wi-Fi. Ibẹ̀ ló sì há jù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mẹ́ta péré tí kì í gun ara wọn ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn 1, 6 àti 11. Bluetooth àti máíkíròwéèfù inú kíṣìnì tún ń dí i lọ́wọ́. Níbòmíì, ẹ̀ka ICT ti pa 2.4 GHz pátápátá, PS4 yẹn ò sì ní rí Wi-Fi kankan, bẹ́ẹ̀ fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń rí i. PS4 Slim àti Pro tó dé lọ́dún 2016 ti lè lo 5 GHz. Xbox Series X àti S ń lo Wi-Fi 5, PS5 ń lo Wi-Fi 6. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ló ní ihò LAN lẹ́yìn, títí kan PS4 àtijọ́ yẹn.

Nintendo Switch ló yàtọ̀. Dock (ibùdó tí wọ́n ń ki Switch bọ̀ láti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n) tó bá Switch àkọ́kọ́ wá ò ní ihò LAN. Ẹ máa ra adápútà tí wọ́n ń ki bọ USB. Dock Switch OLED (2021) àti ti Switch 2 (2025) ní i. Ẹni tó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti fẹ́ máa gbá géèmù, tó gbé Switch dání, kò sí bó ṣe máa ṣe é, Wi-Fi ni tiẹ̀.

Àdírẹ́sì MAC: ibi tí iṣẹ́ wà

Ì báà jẹ́ wáyà, ì báà jẹ́ Wi-Fi kejì, wọ́n sábà máa bi yín léèrè àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ náà. Òun ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá ẹ̀rọ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíì. Méjìlá ni iye nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n pín sí méjì-méjì, bíi A4:0B:8D:60:E1:3F. Nọ́ńbà 0 dé 9 àti lẹ́tà A dé F nìkan ni wọ́n ń lò. Ìyẹn ni pé lẹ́tà O ò sí nínú ẹ̀ rárá: èyí tẹ́ ẹ bá rí tó ṣe roboto, òdo ni. B àti 8 náà máa ń jọ ara wọn lójú tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ bá jìnnà sí i. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, ẹ má fi orí gbé e.

Lórí PS5, ẹ lọ sí Settings, System, System Software, Console Information. Lórí Xbox, Settings, General, Network settings, Advanced settings. Lórí Switch, System Settings, kẹ́ ẹ wá tẹ Internet.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: àdírẹ́sì méjì ni PS5 àti Xbox ní, ọ̀kan fún wáyà, ọ̀kan fún Wi-Fi. Ẹni tó bá forúkọ ti Wi-Fi sílẹ̀ tó wá fi wáyà so ẹ̀rọ rẹ̀ máa jókòó síbẹ̀ títí. Ti Switch tó ń lo adápútà tún le díẹ̀, torí adápútà yẹn ló ni àdírẹ́sì wáyà, ẹ ò sì ní rí i àyàfi tẹ́ ẹ bá ti ki í bọ dock. Bí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ bá gba ju ẹ̀rọ kan lọ, ẹ kọ àdírẹ́sì méjèèjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀rọ náà pátápátá kẹ́ ẹ tó tún tàn án. Rest mode, ìyẹn kí ẹ̀rọ kàn sùn, ò jẹ́ pípa. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ forúkọ fóònù sílẹ̀: láti ìgbà iOS 14 àti Android 10 ni fóònù ti ń fi àdírẹ́sì àrọ́wọ́dá wọ Wi-Fi. Ẹ pa ìyẹn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lè ṣàìbá fóònù yín mu.)

Rúta, switch àti access point: wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Àwọn tó ń ta ọjà sábà máa ń pe gbogbo ẹ̀ ní rúta, òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì sì lè gba ọ̀kan kó má gba ìkejì. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Iṣẹ́ rúta ni kó máa pín àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń gba dátà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) fún ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yí rúta ilé padà, ẹ máa rí oríṣi ihò méjì lára ọ̀pọ̀ wọn: WAN, tó máa ń dá dúró, tí àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń yàtọ̀, àti LAN, tó sábà máa ń tó mẹ́rin. WAN ni wáyà tó ti ara ògiri wá gbọ́dọ̀ wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣèèṣì ki í bọ LAN, rúta rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 fún àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí ìlà yẹn. Ọmọ tó wà ní yàrá kejì á ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á rí i pé ó ti so pọ̀, àmọ́ kò ní rí ojú ìwé kankan ṣí. Òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀, torí PlayStation tiyín lè máa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Àwọn ICT á mọ̀ ní tiwọn, wọ́n lè tọpa ẹ̀ dé ihò tó ti wá, wọ́n á sì tì í pa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n tò dáadáa tiẹ̀ lè tì í fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde.

Ìdí kejì ni afẹ́fẹ́ tá a ti sọ lẹ́ẹ̀kan. Rúta ogún lórí àgbékà kan, tí kálukú ń pariwo lórí 2.4 GHz, á ba Wi-Fi tí yunifásítì fara balẹ̀ tò jẹ́. Ìdí kẹta kan yín gan-an: gbogbo ohun tó bá gba inú rúta yín kọjá, orúkọ yín ló máa jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin DMCA ti ọdún 1998 fún àwọn tó ni fíìmù àti orin láyè láti kọ̀wé sí yunifásítì pé ẹnì kan ń jí iṣẹ́ wọn wà wálẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ fún ní páásíwọ́ọ̀dù ló ṣe é, ẹ̀yin ni lẹ́tà máa dé bá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbà pé họ́sítẹ́ẹ̀lì yín fàyè gba rúta. Ṣé ó dáa fún géèmù? Ohun tí mo rí ni pé ó sábà máa ń mú un burú sí i. NAT tó wà nínú rúta dà bíi máígádì ẹnu géètì, ó ń jẹ́ kí ará ilé jáde, àmọ́ kì í jẹ́ kí àlejò tí kò mọ̀ wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì sábà máa ń ní máígádì tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá gbé rúta síbẹ̀, ó di méjì. PlayStation lè kọ ọ́ pé NAT Type 3, Xbox lè kọ Strict tàbí Double NAT detected, Switch lè fún yín ní D. Ẹ lè rí géèmù gbá pẹ̀lú àjèjì, àmọ́ ẹ lè má gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ sì lè má lè gbàlejò géèmù fún wọn. UPnP, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ géèmù ní kí rúta ṣílẹ̀kùn fún òun, tí wọ́n ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tàn, ilẹ̀kùn rúta tiyín nìkan ló lè ṣí. Kò lè ṣí ti yunifásítì. Pọ́ọ̀tì 3074 (ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀) tí Xbox ń lò náà nìyẹn: ẹ lè ṣí i lórí rúta yín ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ti yunifásítì á ṣì wà ní títì.

Access point ò pín àdírẹ́sì fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló kàn ń sọ wáyà di Wi-Fi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì sì ń rí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdírẹ́sì MAC tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ rúta ló ní AP mode tó ń sọ wọ́n di èyí. Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ máígádì méjì, ó sì yanjú ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì 192.168. Kò yanjú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, torí náà ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ ẹ náà. Ibi tó ti wúlò ni yàrá tí Wi-Fi ò ti dé dáadáa, tí ihò LAN sì wà, tí àwọn ICT sì ti sọ fún yín lórí ìwé pé kò burú. Nígbà náà, ẹ lo 5 GHz nìkan, ẹ fi ètò ààbò WPA2 tàbí WPA3 dè é, kẹ́ ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà.

Switch (mo ń sọ àpótí kékeré oníhò márùn-ún, kì í ṣe ti Nintendo) ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò ní Wi-Fi, kò ní NAT, kò pín àdírẹ́sì. Ó kàn ń sọ ihò kan di mẹ́rin ni. Ní Ìlú Ọba, ó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 20 pọ́n-ùn, ó sì lè má nílò kẹ́ ẹ tò ó rárá: ẹ ki iná bọ̀ ọ́, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí. Àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì kan tó ní kẹ́ ẹ má gbé rúta wá máa ń gba switch. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ohun kan: àwọn ihò ògiri míì wà tí wọ́n ti tò pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kó máa gbà, tó bá sì rí MAC kejì á ti ara ẹ̀ pa. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra á.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ṣe hotspot

Windows 10 àti 11 ní ohun tí wọ́n ń pè ní Mobile hotspot. Láptọ́ọ̀pù yín á wọ eduroam pẹ̀lú orúkọ yín, á wá ṣí Wi-Fi kékeré tó ní páásíwọ́ọ̀dù kan péré, PlayStation á sì wọ ìyẹn. Ó máa ń ṣiṣẹ́. Mac kò lè fi Wi-Fi gbà kó tún fi Wi-Fi pín in, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo MacBook, ẹ fo ibí yìí.

Mo kà á sí ohun òpin ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ ṣì ń dúró de kí ẹ̀ka ICT dá yín lóhùn lọ́jọ́ Ajé. NAT ti láptọ́ọ̀pù náà tún máa wà lórí ti yunifásítì, láptọ́ọ̀pù ò gbọ́dọ̀ sùn, bátìrì rẹ̀ á máa gbóná, ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì ni géèmù yín sì ń gbà kó tó dé ibi tó ń lọ. Òfin míì sì wà tó ka irú ìpínkiri bẹ́ẹ̀ mọ́ rúta.

Síìmù tiyín

Èyí ni ọ̀nà tó mọ́ wa lára jù. Rúta 4G tàbí 5G tó ní síìmù tirẹ̀ ò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rárá, kò sì sí MAC tẹ́ ẹ ń kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ka òfin ilé, torí Wi-Fi rẹ̀ náà ń gba inú afẹ́fẹ́ kan náà kọjá, àwọn kan sì kà á léèwọ̀ nítorí ẹ̀.

Fún géèmù, ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Ilé iṣẹ́ fóònù náà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n ń pè ní CGNAT, ẹ sì tún máa rí Strict lójú Xbox yín. Ìkejì ni owó. Ìwé àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba lè jẹ́ oṣù 12 tàbí 24, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ò gbà yín ju ọ̀sẹ̀ 40 sí 51 lọ. Bẹ́ ẹ bá máa lò ó ṣá, ẹ mú èyí tí wọ́n ń san lóṣooṣù tẹ́ ẹ lè dá dúró nígbàkigbà, tí dátà rẹ̀ kò sì ní òdiwọ̀n. Géèmù 100 GB kan ṣoṣo lè gbé dátà oṣù kan mì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ ímeèlì kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ICT yunifásítì náà, tàbí sí ilé iṣẹ́ tó ni họ́sítẹ́ẹ̀lì bó bá jẹ́ ti aládàáni, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ lè má jẹ́ ti yunifásítì rárá. Ẹ dárúkọ ilé tí wọ́n fún yín, nítorí ilé méjì nínú ọgbà kan náà lè yàtọ̀ síra. Ẹ béèrè bóyá ihò LAN wà nínú yàrá àti iye ẹ̀rọ tó ń gbà. Ẹ béèrè ojú ìwé tí wọ́n ti ń forúkọ ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀ àti iye ẹ̀rọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ní. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gba switch, ẹ lo ọ̀rọ̀ náà gan-an, torí bẹ́ ẹ bá kọ rúta síbẹ̀, rárá ni wọ́n máa kọ padà láì rò ó. Bẹ́ ẹ bá sì ti débẹ̀ tí NAT ń dà yín láàmú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ètò kan fún ẹ̀rọ géèmù: àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ẹ̀rọ géèmù tẹ́ ẹ bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tó ti ní àdírẹ́sì IP tirẹ̀, láìgba ẹ̀yìn NAT kankan, wọn kì í sì í polongo ẹ̀ títí èèyàn á fi béèrè.